Ìjàpá Nílé Ẹkùn Onísinimá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti Ẹkùn tó ń ṣe fíìmù ní Los Angeles.

Ẹ má bi mí bí Ìjàpá ṣe dé Amẹ́ríkà. Yánníbo ló kọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Houston, wákàtí-wákàtí ni wọ́n sì ń sanwó fún un. Ìjàpá tẹ̀ lé e, ó ní òun ò lè gbé arúgbó, ìwé lòun fẹ́ kà. Ó wọ yunifásítì, ó ní iṣẹ́ sinimá lòun fẹ́ mọ̀. Nígbà tí ìgbà ooru dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi san owó ilé-ìwé, Ìjàpá di ẹrù rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nílé Ẹkùn.

Oṣù mẹ́ta ni àdéhùn. Owó oṣù kò sí. Kírẹ́díìtì ló wà, ìyẹn máàkì tí yunifásítì yóò kọ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé ó ti kọ́ nǹkan. Kí yunifásítì tó kọ ọ́, Ìjàpá gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni tó jókòó ní kíláàsì. Ẹ tún un gbọ́: Ìjàpá ń sanwó kó lè rí Ẹkùn ṣiṣẹ́ sìn. Ẹni tó ti rẹ́ gbogbo ẹranko jẹ látọjọ́ táláyé ti dáyé, ilé sinimá ló ti pàdé àwọn tó kọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ jù ú lọ.

Mi ò ní pẹ́ lórí oṣù kẹfà àti oṣù keje. Kọfí ló gbé wọn lọ.

Kọfí Ẹkùn kì í ṣe kọfí lásán. Wàrà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ara màlúù wá, ara ọkà ni wọ́n ti ń fún un. Ṣúgà kò gbọdọ̀ kàn án, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dùn. Ìsọ̀ kọfí wà nísàlẹ̀ lójú títì Sunset Boulevard, ọ́fíìsì Ẹkùn sì wà ní àjà kẹrin. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè wà níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ Ìjàpá kò tó bọ́tìnnì rẹ̀, àtẹ̀gùn ló ń gùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kọfí ti di omi òtútù kó tó dókè. Ẹkùn tọ́ ọ wò, ó tu ú sínú ìkòkò òdòdó. Lọ́sẹ̀ kejì, Ìjàpá bẹ ọmọ tó ń tà á pé kó se é títí yóò fi lè bó ahọ́n ẹni. Bó bá fi máa rọra gun àtẹ̀gùn tán, ooru rẹ̀ á ti bá ẹnu Ẹkùn mu rẹ́gí. Láti ọjọ́ náà ni Ẹkùn ti ń pè é ní "ọmọ dáadáa yẹn", nítorí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìjàpá kò bínú. Bó ti ń gun àtẹ̀gùn ló ń kọrin lábẹ́ ìkarahun. Ẹ bá mi gbè é:

Mo gbé kọfí, mo gun àtẹ̀gùn
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*
Fóònù ń dún, èmi ni mo gbé e
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*
Wọn ò fún mi lówó, wọ́n fún mi nírètí
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*
Onílé ní òun kì í gba ìrètí
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*

Bẹ́ẹ̀ kọfí kọ́ ni iṣẹ́ gan-an o. Ìwé kíkà ni. Lójoojúmọ́ ni àwọn tó ń kọ eré ń fi ìwé eré ránṣẹ́, ìwé kan a máa tó ọgọ́fà ojú ewé, ojú ewé kan sì tó ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán. Àwọn ọ̀gá kò ráyè. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni yóò kà á, tí yóò kọ ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta nípa rẹ̀: ohun tó dá lé, ibi tó ti dùn, ibi tó ti sú ni. Lẹ́yìn náà yóò fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta dé e lórí. Pass ni kí wọ́n fi ẹnu dídùn dá a padà fún ẹni tó ni ín. Consider ni kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Recommend ni kí ọ̀gá sáré.

Ológbò, akọ̀wé Ẹkùn, ló kọ́ Ìjàpá àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yòókù níṣẹ́ náà. Òun ló ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọ̀gá ń sọ lórí fóònù, tó fi ń mọ ẹni tó yẹ kó kí àti ẹni tí kò yẹ kó rí. Ó pè wọ́n jọ, ó ní: "Ẹ máa kọ Pass. Bẹ́ ẹ bá ní ìwé kan kò dáa, tó wá dáa lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó máa rántí yín. Bẹ́ ẹ bá ní ó dáa, tí owó ọ̀gá wá wọlẹ̀ sí i, gbogbo ayé á rántí yín." Ìjàpá gbà pé ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n nìyẹn. Ó ń kọ Pass títí tábìlì rẹ̀ fi ń gbóòórùn rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ẹtì, Ológbò á kó ìwé mélòó kan tó ṣẹ́kù sínú báàgì, kí Ẹkùn gbé e relé lọ kà lópin ọ̀sẹ̀. Ìjàpá ló ń fi rọ́bà dè wọ́n. Ó máa ń lọ́ rọ́bà náà lẹ́ẹ̀mejì, á wá fi orí rẹ̀ há abẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́. Ní àárọ̀ Ajé, báàgì á padà dé, rọ́bà á wà ní lílọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, orí rẹ̀ á há síbi tó há sí. Ẹkùn á jókòó, á fọwọ́ kan irùngbọ̀n, á ní: "Mo kà wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ kò wọ̀ mí lọ́kàn."

Oṣù kẹjọ wá dé. Ẹni tó bá mọ ìlú yẹn mọ̀ pé ìparí oṣù kẹjọ, àwọn ọ̀gá sinimá kì í sí nílé. Wọ́n á ti gba etíkun lọ, wọ́n á ti gòkè lọ. Ìbéèrè yòówù tó o bá bi wọ́n, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún ẹ: ó di ẹ̀yìn Labor Day, ìyẹn Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń wá ẹni tí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún. Ìjàpá ń wá iṣẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n jọ wá náà ń wá a. Ọmọ Kìnnìún ni ìkẹta wọn, àmọ́ òun kò wá nǹkan kan. Ọjọ́ á ti kanrí kó tó dé, á na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, á sì máa pe Ẹkùn ní Àǹkù.

Yánníbo pe ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń tibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀.

"Olówó orí mi, ọjọ́ wo ni fríìdọ̀mù yín?"

"Yánníbo, wọn kì í ṣe fríìdọ̀mù níbí."

"Háà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi, wọ́n ń gba fríìdọ̀mù. Bàbá mi á gbé sísọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́, á gbàdúrà fún wọn, wọ́n á jó. Kí ni Ẹkùn máa gbé lé yín lọ́wọ́?"

"Kéèkì kékeré ni wọ́n ń pín."

Yánníbo dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Mo ti fi owó ilé ránṣẹ́ o. Ẹ wo báǹkì yín."

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ, Ológbò ra písà, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wá jẹun ìdágbére. Ó dìde, ó nu ẹnu, ó sọ ìtàn David Geffen fún wọn. Ní 1964, Geffen wọ ilé William Morris, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn òṣèré wá iṣẹ́, yàrá tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ni wọ́n fi í sí. Ẹ wò ó lónìí, billíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀. Òun, Steven Spielberg àti Jeffrey Katzenberg ló dá ilé iṣẹ́ fíìmù DreamWorks sílẹ̀ ní 1994. "Ibi lẹ́tà ni gbogbo wa ti ń bẹ̀rẹ̀," Ológbò ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì mú písà kẹta.

Ohun tí Ológbò kò sọ, Ìjàpá ti gbọ́ ọ ní kíláàsì. Geffen ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun gboyè ní yunifásítì UCLA, bẹ́ẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń bi UCLA léèrè, ó ń tètè dé síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ó ń ṣọ́ lẹ́tà tó ń wọlé, títí èyí tó máa tú àṣírí rẹ̀ fi dé. Ó yọ ọ́, ó fi òmíràn tó wí bó ṣe fẹ́ sí ipò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ìjàpá jókòó sídìí písà, ó ń ronú. Ẹni tó ń ṣa lẹ́tà nínú ilé, ó ń ṣa ohun tí ọ̀gá yóò mọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kò ronú, ó sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ní 2011, Eric Glatt àti Alexander Footman, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fíìmù Black Swan, pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é lẹ́jọ́ ní New York, àti pé ní 2013 Adájọ́ William Pauley ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ó yẹ kí wọ́n gbowó.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, lọ́yà ilé náà, ń kọjá lọ. Ó yà wọlé, ó jókòó, ó sún mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ bí ẹni fẹ́ súre fún un.

"Ọmọ mi, o kàwé náà dé ìdajì. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wò ó. Wọ́n ní kí á wo ẹni tó ń jẹ àǹfààní jù, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tàbí ilé iṣẹ́. Ní 2016 wọ́n yanjú ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Fíìmù náà pa ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ káàkiri ayé. O mọ iye tí wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà gbà? $495 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa, nínú ìwọ àti ilé yìí, ta ló ń jẹ àǹfààní jù?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo písà ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá lọ bá Ológbò. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí Ọ̀gá kọ lẹ́tà tí mo lè fi wáṣẹ́."

"Kọ ọ́ fúnra rẹ. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i." Ológbò na ìwé kan sí i. "Ti ọdún tó kọjá rè é, tẹ̀ lé e."

Lẹ́tà Òkété ni. Ìjàpá yọ orúkọ Òkété, ó fi tirẹ̀ sí i. Ó kọ ọ́ pé Ìjàpá yára bí àṣá, pé kò fojú kan ohun olóhun rí, pé àwọn àgbààgbà inú igbó ló ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé e lọ bá Ẹkùn. Ẹkùn wà lórí fóònù, ó ń sọ fún ẹnì kan pé ọ̀rẹ́ àtọkànwá ni wọ́n. Ó na ọwọ́ láìbojú wẹ̀yìn, ó fọwọ́ sí i. Ìgbà tí Ìjàpá dé ìta ló rí i pé òun gbàgbé ibì kan. Nínú ìpínrọ̀ kẹta, Òkété ṣì ni ẹni tó yára bí àṣá.

Ẹlòmíràn ìbá padà lọ tún un ṣe. Ìjàpá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wo ìfọwọ́síwèé náà tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ojú rẹ̀ là. Nínú ilé tó ń fi ìwé jẹun yìí, kò sẹ́ni tó ń kàwé àfi ẹni tí wọn kò sanwó fún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà kò relé. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ó ń kọ ìwé eré tirẹ̀, alẹ́ dalẹ́. Ìtàn wo ló kọ? Èyí tí ìyá ìyá yín pa fún yín náà ni. Àwọn ẹyẹ ń lọ jẹ àsè lọ́run, Ìjàpá yá ìyẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sọ ara rẹ̀ ní Gbogbo-yín, ó jẹ gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ní ó wà fún gbogbo yín. Ó fi ọkọ̀ tó ń jóná mẹ́ta kún un. Ó kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí i: A. Bahun. Ó wá kọ àyẹ̀wò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń kàwé, òun ò gbọ́ irú ohùn tuntun báyìí rí. Recommend ló fi dé e. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, òkè báàgì ló fi í sí.

Ológbò rí Recommend, ọkàn rẹ̀ já. Kò ka ìwé eré náà, àyẹ̀wò rẹ̀ ló kà. Ó lọ sọ fún Ẹkùn pé òun rí ohùn tuntun kan. Ẹkùn kò ka àyẹ̀wò náà, ẹnu Ológbò ló gbọ́. Ó gbé fóònù, ó sọ fún Erin ní Burbank pé òun kò sùn mọ́jú nítorí ohùn tuntun kan. Erin sọ fún Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n ní òun ti mọ ọmọ náà tipẹ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, àwọn tó wà létíkun ti ń pe ilé Ẹkùn, wọ́n ń du ohun tí ẹnì kankan kò tíì ṣí. Ọmọ Kìnnìún gan-an tètè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìjàpá gbé kọfí dání, ó ń gun àtẹ̀gùn:

Wọn ò kà mí, wọ́n ń kà mí kún
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*
Erin ń wá mi, Ẹfọ̀n ń wá mi
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*
Kọfí òní ni kọfí ìkẹyìn
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*

Ẹkùn ní kí wọ́n lọ wá A. Bahun wá. Ìjàpá ra táì, ó so ó mọ́ ọrùn, bó ti ń fa ọrùn wọlé ni táì ń bá a wọlé. Ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó wọlé lọ́wọ́ òfo.

"Kọfí mi dà?"

"Ọ̀gá, èmi ni A. Bahun."

Ẹkùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó gbá Ìjàpá mọ́ra, ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́ pé ọmọ dáadáa ni. Ó wá pe Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mú fáìlì kan wọlé, ó ṣí i, ó fi ìka tẹ ojú ewé kẹrin.

"Ìwé tó o fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó o dé rè é. Ohunkóhun tó o bá kọ nínú ilé yìí, lórí ẹ̀rọ ilé yìí, ilé yìí ló ni ín. Ìfọwọ́síwèé rẹ kọ́ nìyí?"

"Òun ni."

"Ṣé o kà á kó o tó fọwọ́ sí i?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pa àlọ́ Ìjàpá, mi ò gbọ́ pé ọ̀rọ̀ wọ́n ọn lẹ́nu rí. Lọ́jọ́ yẹn ó wọ́n ọn. Nígbà tó ṣe, ó bú sẹ́kún: "Àlọ́ ìyá ìyá mi ni! Gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ̀ ọ́n!"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mú bírò. "Ìyá ìyá rẹ, ìwé wo ni wọ́n fọwọ́ sí?"

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ọmọ ń retí. Ẹ ń retí kí n sọ pé Ẹkùn gbé Ìjàpá sọ látòkè, pé ibẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́. Rárá o. Inúure pọ̀ nílé Ẹkùn. Ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gba káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní kéèkì kékeré kan, wọ́n ní àwọn á pè é tí Labor Day bá kọjá. Kìnnìún ti pe Ẹkùn lórí fóònù, Ọmọ Kìnnìún kò ní láti lọ síbì kankan, wọ́n ti fún un ní tábìlì tó kọjú sí fèrèsé. Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ìjàpá padà sí Houston pẹ̀lú lẹ́tà tó ń yin Òkété.

Labor Day kọjá. Kérésì kọjá. Nígbà tí fíìmù máa jáde, oṣù karùn-ún ọdún kejì ẹ̀yìn ìyẹn la wà. Yánníbo sanwó fún gbogbo ilé, wọ́n ra gúgúrú, wọ́n jókòó síwájú. Àwọn ọmọ ń dá Ìjàpá ojú àwòrán lóhùn kó tó sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ti mọ àlọ́ náà látinú oyún. Nígbà tó parí, àwọn èèyàn dìde, Ìjàpá ní kí tiwọn má dìde. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òǹkọ̀wé: Ọmọ Kìnnìún. Àwọn ọmọ ń gbè é lábẹ́lẹ̀:

Orúkọ awakọ̀, orúkọ alásè
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*
Orúkọ ẹni tó tọ́jú ajá
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*
Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ
*Téńté, téńté, orúkọ mi ń bọ̀*

Ẹ má rò pé mo fi ìyẹn pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣe fíìmù bíi ti Pixar máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n bí fún àwọn òṣìṣẹ́ lásìkò iṣẹ́ sí ìparí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ń wọ ojú àwòrán. Iná tàn. Ẹni tó ń gbálẹ̀ wọlé, ó bi wọ́n bóyá nǹkan wọn ló sọnù.

Ibẹ̀ ni fóònù Ìjàpá ti dún. Ológbò ni. Ó ní ìgbà ooru ti dé, ìwé eré ti kún ilẹ̀ dé orúnkún, Ọ̀gá sì rántí ọmọ dáadáa kan tó ń kàwé tọkàntọkàn. Owó kò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n èèyàn á mọ èèyàn. Ojú Ìjàpá ti ń tàn, ó ti ń béèrè bóyá lọ́tẹ̀ yìí wọ́n á lè fi orúkọ òun sí ibì kan, ó kéré tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ajá. Yánníbo na ọwọ́, ó gba fóònù.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n Ológbò. Èmi ìyàwó ilé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Ohun tí wọ́n ń san fún mi ní wákàtí kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí á tó máa sọ èyí tó kù."

Ológbò ní kò burú rárá, òun gbọ́ wọn yékéyéké, òun á pè wọ́n padà tí Labor Day bá kọjá.